Bí A Ṣe Ń Po Tíì Aláwọ̀ Ewé ti Ilẹ̀ Jàpáánì Nínú Ilé

Ọ̀pọ̀ ẹni tí ó tọ́ tíì aláwọ̀ ewé wò lẹ́ẹ̀kan tí ó sì ní òun kò ní mu ún mọ́ ni kò tí ì mu ún rí bí ó ti yẹ kí a mu ún. Omi híhó ni wọ́n dà lé e lórí, wọ́n fi ewé náà sílẹ̀ sínú ife títí wọ́n fi gbàgbé rẹ̀, wọ́n wá fi ẹnu kan ohun tí ó korò tí ó sì ń fún ahọ́n pọ̀. Ewé kọ́ ni ó jẹ̀bi. Ọ̀nà àgbo ni wọ́n fi po ohun tí kì í ṣe àgbo. Bí a bá ń se àgbo, a fẹ́ kí iná yọ gbogbo ohun tí ó wà nínú ewé àti èèpo jáde pátá, kíkorò rẹ̀ sì wà lára ohun tí ó ń fi wá lọ́kàn balẹ̀ pé yóò ṣiṣẹ́. Tíì Jàpáánì kò rí bẹ́ẹ̀: ṣe ni a ń yan ohun tí a fẹ́ kí omi mú jáde, tí a sì ń fi ìyókù sílẹ̀ sínú ewé. Ìgbóná omi ni a fi ń yàn án. Bí ó bá jẹ́ pé ìyẹn nìkan ni ẹ mú nínú ohun tí ó wà nísàlẹ̀ yìí, tíì yín yóò ti dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ewé tí ẹ ó rà

Igi kan náà, Camellia sinensis, ni tíì dúdú àti tíì aláwọ̀ ewé ti ń wá. Òun náà ni wọ́n gbìn sí orí òkè Mambilla ní ìpínlẹ̀ Taraba. Ohun tí wọ́n ṣe sí ewé lẹ́yìn tí wọ́n já a ni ó fa ìyàtọ̀. Bí wọ́n bá rún un tí wọ́n sì fi sílẹ̀ kí atẹ́gùn fẹ́ sí i, yóò pọ́n, yóò sì di dúdú. Bí wọ́n bá tètè fi ooru dá a dúró, àwọ̀ ewé rẹ̀ kò ní kúrò. Ní ilẹ̀ Ṣáínà, inú agbada gbígbóná ni wọ́n sábà máa ń yan án sí. Ní Jàpáánì, oru omi híhó ni wọ́n fi ń sè é, èyí tí kì í sábà ju ìṣẹ́jú kan tàbí méjì lọ, lẹ́yìn èyí ni wọ́n á máa lọ́ ọ tí wọ́n á sì máa fi ooru gbẹ ẹ́ títí yóò fi di tẹ́ẹ́rẹ́, tí yóò sì máa dán. Nagatani Sōen, àgbẹ̀ kan ní agbègbè Uji tí kò jìnnà sí Kyoto, ni wọ́n kà sí ẹni tí ó fi ọ̀nà yìí lélẹ̀ ní ọdún 1738. Sencha ni wọ́n ń pe tíì tí wọ́n ṣe báyìí, òun ni mo sì fẹ́ kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí rẹ̀, nítorí pé òun ni ó wọ́pọ̀ jù nínú ilé àwọn ará Jàpáánì fúnra wọn, ẹni tí ó bá sì mọ̀ ọ́n pò kò ní ṣòro fún láti po àwọn yòókù.

Ẹ wo ara àpò rẹ̀ dáadáa kí ẹ tó sanwó. Orúkọ agbègbè tí ewé náà ti wá yẹ kí ó wà níbẹ̀: Shizuoka, Kagoshima, Uji, Yame, Sayama, tàbí ibòmíràn. Shizuoka ni ó mú ipò kìíní fún ìgbà pípẹ́, ṣùgbọ́n Kagoshima kọjá rẹ̀ ní ọdún 2024 ní ti iye ewé tí wọ́n ń pèsè, nítorí náà kò sí ìdí láti fura sí èyí tí kò bá ti Shizuoka wá. Ohun tí ó ṣe pàtàkì ju agbègbè lọ ni ìgbà tí wọ́n ká a. Ìkórè àkọ́kọ́ máa ń wáyé láti ìparí oṣù kẹrin wọ inú oṣù karùn-ún, ewé ìgbà náà rọ̀, adùn rẹ̀ sì pọ̀ ju ti àwọn ìkórè tí ó tẹ̀ lé e lọ. Bí wọ́n bá kọ shincha sí ara àpò, ewé tuntun láti inú ìkórè yìí ni. Bí wọ́n bá kọ fukamushi, ìtumọ̀ rẹ̀ fún ẹni tí ń pò ó ni pé oru omi híhó pẹ́ lára ewé náà, ó ti fọ́ wẹ́wẹ́, kíákíá ni yóò sì máa jáde sínú omi. Ẹ má ra púpọ̀. Àpò oní-50 gíráàmù tàbí 100 gíráàmù tó fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ohun èlò

Àwọn ará Jàpáánì ní ìkòkò tíì kékeré tí wọ́n ń pè ní kyusu, tí ọwọ́ rẹ̀ yọ sí ẹ̀gbẹ́ dípò ẹ̀yìn, tí asẹ́ sì wà nínú rẹ̀ níbi ẹnu. Àwọn amọ̀kòkò ìlú Tokoname ní ìpínlẹ̀ Aichi lókìkí nípa ṣíṣe é. Ó dára láti ní i, ṣùgbọ́n kì í ṣe dandan. Ìkòkò tíì èyíkéyìí tí ó gba nǹkan bí 250 mìlílítà, tí ẹ sì lè dà tán pátápátá, yóò ṣe iṣẹ́ náà. Ìkòkò ńlá tí a fi ń po tíì fún gbogbo ilé kò dára fún un, nítorí pé omi díẹ̀ yóò tètè tutù nínú rẹ̀, ewé yóò sì fọ́n káàkiri ìsàlẹ̀. Ẹ tún wá ife kékeré méjì, èyí tí inú rẹ̀ funfun bí ó bá ṣeé ṣe kí ẹ lè máa rí àwọ̀ tíì, pẹ̀lú asẹ́ wẹ́wẹ́ bí ìkòkò yín kò bá ní tirẹ̀. Bí ẹ bá ní òṣùwọ̀n kékeré tí ó ń ka gíráàmù, ẹ lò ó. Ewé mìíràn fẹ́lẹ́, òmíràn wúwo, ojú nìkan kò sì lè mọ̀ ọ́n dáadáa.

Omi

Ibí ni mo ti fẹ́ kí a dúró díẹ̀, nítorí pé ibí ni ọ̀ràn náà wà.

Ohun mẹ́ta nínú ewé tíì ni ó kan ẹni tí ń pò ó. Èkíní ni theanine, tí ó ń fún tíì ní adùn jíjinlẹ̀ tí ń pẹ́ lẹ́nu, irú èyí tí àwọn ará Jàpáánì ń pè ní umami. Èkejì ni àwọn èròjà tí ń jẹ́ catechin, tí wọ́n korò tí wọ́n sì ń fún ẹnu pọ̀. Ẹ̀kẹta ni kaféènì, tí òun náà korò, tí ó sì ń lé oorun lọ. Theanine kò bèèrè ooru púpọ̀. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, kódà omi tútù, lè mú un jáde. Catechin àti kaféènì ni ó ń dúró de ooru. Bí omi bá ṣe ń gbóná sí i ni wọ́n ṣe ń tú jáde sí i, nígbà tí omi bá sì kọjá 80°C, kíkorò yóò bẹ̀rẹ̀ sí í bo adùn mọ́lẹ̀. Ìdí nìyí tí sencha tí ó dára fi ń fẹ́ omi 70°C, tí èyí tí owó rẹ̀ wálẹ̀ sì lè gba 80°C, nítorí pé theanine inú rẹ̀ kò pọ̀ tó ohun tí a ó máa ṣọ́, òórùn dídùn tí omi gbígbóná ń mú jáde ni a kúkú ń wá lára rẹ̀.

Omi náà fúnra rẹ̀ tún ní ìwà tirẹ̀. Omi Jàpáánì jẹ́ omi tí èròjà òkúta kò pọ̀ nínú rẹ̀, irú omi bẹ́ẹ̀ ni ó sì bá tíì yìí mu. Ẹni tí ó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù yóò ti rí i pé omi ẹ̀rọ ibẹ̀ ń fi ẹ̀fun funfun sílẹ̀ sínú kẹ́tùlù. Kálísíọ́ọ̀mù inú omi náà yóò pa adùn sencha, àwọ̀ tíì yóò sì ṣókùnkùn. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ lo omi inú ìgò tí kálísíọ́ọ̀mù àti magnesium tí wọ́n kọ sí ara rẹ̀ kéré, tàbí kí ó fi ẹ̀rọ asẹ́ omi sẹ́ ẹ. Ní ilé wa níhìn-ín, kànga ẹ̀rọ ni ó yẹ kí a ṣọ́ra fún. Bí omi kànga yín bá ń pa aṣọ funfun láró tàbí tí ó ń rùn bí irin, irin ni ó wà nínú rẹ̀, irin náà yóò sì bá àwọn èròjà inú tíì para pọ̀ di àwọ̀ dúdú tí kò wu ojú. Omi inú ọ̀rá tàbí ti inú ìgò sàn jù, bí kò bá ti ní òórùn ọ̀rá.

Irú omi yòówù kí ó jẹ́, ẹ jẹ́ kí ó hó ná. Ẹ má ṣe gbé e kalẹ̀ nígbà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbóná pẹ̀lú èrò pé ó ti tó 70°C; ẹ sè é kí ó hó dáadáa, kí ẹ ṣí ìdérí rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta tàbí mẹ́rin bí ó bá ní òórùn oògùn tí wọ́n fi ń pa kòkòrò inú omi, kí ẹ tó wá jẹ́ kí ó rọlẹ̀. Ọ̀nà méjì ni ẹ lè fi mú un rọlẹ̀ láìní ohun ìwọn ìgbóná lọ́wọ́.

Ọ̀nà ti àwọn ará Jàpáánì ni kí ẹ máa da omi náà láti inú ohun èlò kan sínú òmíràn. Gbogbo ìgbà tí omi bá bọ́ sínú ohun tí kò gbóná, ooru rẹ̀ ń dín ní nǹkan bí 5 sí 10 dígírì. Bí ẹ bá da omi híhó sínú ìkòkò tíì òfìfo, tí ẹ dà á láti ibẹ̀ sínú ife, yóò ti sún mọ́ 80°C. Bí ó bá tún wà nínú ife fún ìṣẹ́jú kan sí méjì, yóò sún mọ́ 70°C. Ẹ wo oru tí ń jáde lórí rẹ̀: nígbà tí omi ṣì gbóná jù, oru náà ń yọ gbùù sókè, nígbà tí ó bá tó àsìkò, yóò máa rọra rìn lójú omi. Ọ̀nà yìí tún ní èrè méjì mìíràn, nítorí pé ó ń mú ìkòkò àti ife lọ́wọ́ọ́wọ́, ó sì ń bá yín wọn omi, tó fi jẹ́ pé iye tí ife gbà gan-an ni ẹ ó lò.

Ọ̀nà kejì kò ní ẹwà tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó yá, ó sì dájú. Ẹ wọn 120 mìlílítà omi híhó, kí ẹ da 60 mìlílítà omi mímu tí kò gbóná tí kò sì tutù mọ́ ọn. Ní ilé tí ooru inú rẹ̀ wà ní nǹkan bí 28°C, àpapọ̀ wọn yóò sún mọ́ 75°C, ohun èlò tí ẹ dà wọ́n sí yóò sì mú díẹ̀ kúrò níbẹ̀. Ní orílẹ̀-èdè tí òtútù ń mú, omi inú ilé tutù ju báyìí lọ, nítorí náà kí ẹ dín omi tútù náà kù sí 45 tàbí 50 mìlílítà.

Pípo sencha fún ẹni méjì

Ẹ se omi ju iye tí ẹ ó mu lọ, ó kéré tán ìdajì lítà, nítorí pé apá kan yóò lọ sí fífi omi gbígbóná ṣan ohun èlò, apá kan yóò sì wà fún omi ẹlẹ́ẹ̀kejì. Nígbà tí ó bá hó, ẹ dà á sínú ìkòkò tíì títí yóò fi kún dé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, kí ẹ mì í díẹ̀, kí ẹ sì ti inú ìkòkò bu omi náà sínú ife méjèèjì, nǹkan bí 90 mìlílítà sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ da èyí tí ó kù nínú ìkòkò nù, kí ẹ sì gbọn ìkòkò náà kí omi má ṣe kù sí ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Ẹ wọn gíráàmù 5 ewé sencha sínú ìkòkò náà. Ẹni tí kò ní òṣùwọ̀n lè lo ṣíbí tíì méjì tí ó kún dáadáa, kí ó máa wò ó ní ìgbà mìíràn bóyá kí òun fi kún un tàbí kí òun yọ díẹ̀. Ewé náà yóò dà bí ẹni pé ó pọ̀ lójú ẹni tí ó ti mọ́ lára láti fi ewé díẹ̀ sínú omi púpọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe yẹ kí ó rí. Ewé tí ó tó, omi díẹ̀, àti àkókò kúkúrú ni ó ń fún tíì yìí ní ara. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣọ́ ewé lò, tí ó wá fi í sínú omi pẹ́ títí láti fi dí i, kíkorò nìkan ni yóò rí.

Nígbà tí omi inú ife bá ti rọlẹ̀ dé ibi tí a fẹ́, ẹ rọra dà á padà sórí ewé nínú ìkòkò, kí ẹ má ṣe dà á láti òkè fíofío. Ẹ dé e. Ẹ ka ìṣẹ́jú kan, ìyẹn ìṣẹ́jú àáyá 60, fún sencha lásán. Bí ó bá jẹ́ fukamushi, kí ẹ máà kọjá ìṣẹ́jú àáyá 30 sí 40. Nígbà tí ẹ bá ń dúró, ẹ má ṣe mi ìkòkò náà, ẹ má sì ṣe fi ṣíbí rò ó. Ewé náà ń tú ara rẹ̀ ká ní tirẹ̀. Bí ẹ bá ń dà á láàmú, ṣe ni yóò máa fọ́, eruku rẹ̀ yóò sì mú kí tíì rú kí ó sì korò.

Dídà á jáde náà ní ètò. Tíì tí ó kọ́kọ́ jáde máa ń fẹ́lẹ́, èyí tí ó kẹ́yìn sì máa ń ki, nítorí náà bí ẹ bá kún ife kan kí ẹ tó bọ́ sí èkejì, ẹni kan yóò mu omi lásán, ẹnì kejì yóò sì mu gbogbo agbára rẹ̀. Ẹ da díẹ̀ sínú ife kìíní, díẹ̀ sínú èkejì, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀ láti orí èkejì padà sí èkíní, títí gbogbo rẹ̀ yóò fi tán. Bí ife bá jẹ́ mẹ́ta, kí ẹ lọ láti èkíní dé ẹ̀kẹta, kí ẹ sì padà láti ẹ̀kẹta sí èkíní. Alejò àti onílé yóò mu ohun kan náà.

Kí ẹ dà á dé ẹ̀kán tí ó kẹ́yìn. Mo tẹnu mọ́ èyí nítorí pé òun ni àwọn tí wọ́n bá ṣe gbogbo ìyókù dáadáa ṣì máa ń fi sílẹ̀. Ẹ dorí ìkòkò náà kodò díẹ̀, kí ẹ fi ìka di ìdérí rẹ̀ mú, kí ẹ dúró kí ó kán, kí ó kán, títí kò fi ní kán mọ́. Àwọn ẹ̀kán wọ̀nyí ni ó nípọn jù nínú adùn. Yàtọ̀ sí èyí, omi tí ó bá kù nínú ewé yóò máa yọ kíkorò jáde títí ẹ ó fi padà wá po omi kejì. Lẹ́yìn tí ó bá tán, ẹ ṣí ìdérí rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kí ooru má baà máa se ewé náà nínú ìkòkò.

Ẹ má fi ṣúgà tàbí mílíìkì sí i. Àwọn ará Jàpáánì kì í fi sí sencha, bí ẹ bá sì pò ó báyìí, kò ní bèèrè rẹ̀. Bí ọ̀fun bá ń wá nǹkan dídùn, ẹ jẹ nǹkan náà ṣáájú kí ẹ tó gbé ife, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń fi àkàrà dídùn kékeré ṣáájú tíì níbẹ̀.

Omi ẹlẹ́ẹ̀kejì àti ẹlẹ́ẹ̀kẹta

Ewé tí ẹ ti lò lẹ́ẹ̀kan kò tí ì tán. Ó ti tú ká báyìí, nítorí náà kò ní pẹ́ kí ó tó jáde: ẹ da omi tí ó wà ní nǹkan bí 80°C sí i, kí ẹ ka ìṣẹ́jú àáyá 10 sí 15 péré, kí ẹ sì dà á jáde bí ti àkọ́kọ́. Fún ẹ̀kẹta, omi lè fẹ́rẹ̀ẹ́ máa hó, kí ẹ sì fún un ní ìṣẹ́jú àáyá 30. Ife àkọ́kọ́ yóò dùn, èkejì yóò le díẹ̀, òórùn rẹ̀ yóò sì jáde sí i, ẹ̀kẹta yóò fúyẹ́, yóò sì ní kíkorò díẹ̀ tí ó ń fọ ẹnu mọ́ lẹ́yìn oúnjẹ. Èkejì ni èmi fẹ́ràn jù. Láàárín wákàtí kan tàbí méjì ni kí ẹ lo gbogbo rẹ̀. Ẹ má ṣe fi ewé tútù sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, pàápàá nínú ooru tiwa. Ewé shincha tàbí gyokuro (irú tíì tí mo ṣàlàyé nísàlẹ̀) tí a ti lò rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn mìíràn ní Jàpáánì fi ń da ọbẹ̀ sóyà díẹ̀ sí i, tí wọ́n sì ń jẹ ẹ́ bí ẹ̀fọ́.

Bí ohun tí ẹ pò kò bá wù yín, ẹ yí ohun kan ṣoṣo padà lẹ́ẹ̀kan. Bí ó bá korò, ìgbóná omi ni kí ẹ kọ́kọ́ dín, kí ẹ tó fọwọ́ kan àkókò. Bí ó bá rí bí omi lásán, ẹ fi gíráàmù kan kún ewé, ẹ má ṣe sọ omi di híhó. Bí àwọ̀ rẹ̀ bá pọ́n bí ti tíì dúdú láti ìbẹ̀rẹ̀, ewé náà ti gbó tàbí atẹ́gùn ti wọ inú àpò rẹ̀ pẹ́. Kí ó rú díẹ̀ kò burú. Bẹ́ẹ̀ ni ti fukamushi máa ń rí.

Àwọn ewé mìíràn

Gyokuro ni ewé tí wọ́n ṣíji bo igi rẹ̀ fún nǹkan bí 20 ọjọ́ kí wọ́n tó ká a. Oòrùn ni ó ń sọ theanine di catechin lára ewé, nítorí náà ewé tí oòrùn kò rí máa ń kún fún adùn. Omi 50 sí 60°C ni ó ń gbà, ìṣẹ́jú méjì sí méjì ààbọ̀, omi rẹ̀ sì máa ń kéré gidigidi: gíráàmù 5 sínú 60 mìlílítà. Ẹnu kékeré bíi mélòó kan ni ẹ ó rí mu. A kì í fi gyokuro pa òùngbẹ.

Hojicha, tí wọ́n yan lórí iná títí ó fi pọ́n, genmaicha, tí wọ́n po mọ́ ìrẹsì yíyan, àti bancha, tí wọ́n fi ewé tí ó gbó díẹ̀ ṣe, kò ní wàhálà kankan. Omi híhó ni kí ẹ dà sí wọn, ìṣẹ́jú àáyá 30, ó parí. Ẹni tí kò ní sùúrù fún sencha ní òwúrọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ lè fi hojicha sínú ilé fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀.

Matcha yàtọ̀ sí gbogbo wọn, nítorí pé lílọ̀ ni wọ́n lọ ewé náà kúnná, a sì ń mu ewé náà pátá. Ẹ jọ gíráàmù 2 sínú àwo kòtò láti inú asẹ́ wẹ́wẹ́ kí ó má baà dì, kí ẹ da 70 mìlílítà omi 80°C sí i, kí ẹ sì fi chasen, ìyẹn ohun èlò ọparun tí wọ́n là sí wẹ́wẹ́, lù ú síwá sẹ́yìn kíákíá láti ọrùn ọwọ́ títí yóò fi yọ fọ́ọ̀mù. Ẹ kọ́kọ́ ki chasen náà bọ omi gbígbóná kí ó rọ̀ kí ẹ tó lò ó, yàtọ̀ sí bẹ́ẹ̀ yóò kán. Ti ayẹyẹ tíì, tí Sen no Rikyū (1522 sí 1591) sọ di ohun tí ó dà lónìí, ẹ̀kọ́ ọ̀tọ̀ ni ìyẹn, ọ̀dọ̀ olùkọ́ ni a sì ti ń kọ́ ọ.

Tíì omi tútù

Fún ilẹ̀ tí ooru ti ń mú, mo rò pé ọ̀nà yìí ni ó yẹ kí ó gbajúmọ̀ jù. Ẹ da gíráàmù 10 sí 15 sencha sínú lítà kan omi mímu tútù, kí ẹ dé e, kí ẹ gbé e sínú fìríìjì fún wákàtí mẹ́ta sí mẹ́fà, kí ẹ sì sẹ́ ẹ. Nítorí pé kò sí ooru, kíkorò kò fi bẹ́ẹ̀ jáde, kaféènì rẹ̀ náà sì dín kù, adùn nìkan ni ó gbilẹ̀. Bí iná ìjọba kò bá dúró, ẹ má ṣe fi í sílẹ̀ lórí tábìlì fún gbogbo wákàtí wọ̀nyẹn. Ẹ lo kúlà tí yìnyín wà nínú rẹ̀, kí ẹ sì mu ún tán lọ́jọ́ náà gan-an.

Ẹni tí ó yẹ kí ó ṣọ́ra

Ìwé òṣùwọ̀n èròjà oúnjẹ ti ìjọba Jàpáánì fi kaféènì inú 100 mìlílítà sencha sí 20 mìlígíráàmù, ti kọfí sí 60, ti gyokuro sí 160. Ẹni tí oorun kì í tètè kùn kò gbọdọ̀ mu gyokuro ní alẹ́. Àwọn èròjà tí ń fún ẹnu pọ̀ nínú tíì máa ń dí ara lọ́wọ́ láti gba irin inú ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà, nítorí náà kí aboyún àti ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó mu ún láàárín oúnjẹ kan sí èkejì, kì í ṣe pẹ̀lú oúnjẹ. Ẹni tí ó ń lo warfarin, ìyẹn oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, gbọ́dọ̀ bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀ kí ó tó sọ matcha di ti ojoojúmọ́, nítorí fítámìn K inú rẹ̀, tí ó ń ran ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ láti dì. Ní ti àwọn tí ń ta hóró oògùn tí wọ́n fún láti inú tíì aláwọ̀ ewé fún dídín ara kù, àjọ EFSA tí ń rí sí ààbò oúnjẹ ní Yúróòpù ti kìlọ̀ ní 2018 pé 800 mìlígíráàmù catechin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójúmọ́ láti inú irú hóró bẹ́ẹ̀ lè fa ewu fún ẹ̀dọ̀. Ife tíì kọ́ ni ìyẹn, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà á fún yín bí ẹni pé ohun kan náà ni wọ́n.

Ìpamọ́

Ìmọ́lẹ̀, ooru, ọ̀rinrin, atẹ́gùn àti òórùn ni ọ̀tá ewé yìí. Agolo tí ìdérí rẹ̀ fún dáadáa dára ju ìgò tí ó mọ́ gaara lọ. Ewé tíì máa ń gba òórùn sára kíákíá, nítorí náà kí ó jìnnà sí irú, ẹja gbígbẹ àti ata gígún, kódà bí gbogbo wọn bá wà nínú ọ̀rá. Àpò tí ẹ kò tí ì ṣí lè wà nínú fìríìjì, ṣùgbọ́n ẹ gbé e jáde kí ó wà níta fún ọ̀pọ̀ wákàtí kí ẹ tó ṣí i. Bí ẹ bá ṣí i nígbà tí ó ṣì tutù, ìrì yóò ṣẹ̀ sára ewé, ewé yóò sì bàjẹ́ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Àpò tí ẹ ti ṣí, ẹ gbìyànjú láti lò ó tán láàárín oṣù kan, pàápàá ní àkókò òjò.

Bí sencha bá sì ti gbó mọ́ yín lọ́wọ́, tí òórùn rẹ̀ ti lọ ṣùgbọ́n tí kò hu funfun, ẹ má tí ì dà á nù. Ẹ gbé páànù gbígbẹ tí kò ní òróró lára ka iná tí kò le, kí ẹ da ewé náà sí i, kí ẹ máa mì í láìdúró. Láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, òórùn yíyan rẹ̀ yóò sì gba ilé. Ẹ gbé e kúrò lórí iná kí ó tó dúdú, kí ẹ dà á sórí àwo pẹrẹsẹ kí ó má baà máa jó lọ nínú páànù gbígbóná. Ó ti di hojicha nìyẹn: omi híhó, ìṣẹ́jú àáyá 30.